Fáìlì .deb 63 nínú fódà kan: báwo lẹ ṣe ń to àká package tiyín?

Ọmọ_Olùkọ́ | Ajé, 8:12 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà bí ogójì ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì, ọ̀kan ní Òṣogbo, ọ̀kan ní Ìlobùú. Debian 12 ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, mẹ́sàn-án ń lo Ubuntu 22.04, Raspberry Pi 4 mẹ́ta náà sì wà níbẹ̀. Àwọn package kan (ètò tí a dì sínú fáìlì .deb kí ẹ̀rọ lè gbà á wọlé) wà tí mo ṣe fúnra mi: àtẹ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, fọ́ǹtì, àti ètò ìdánwò kékeré kan tí mo fi C++ kọ. Kí n má baà máa gbé fíláàṣì káàkiri, mo da gbogbo .deb sínú fódà kan ṣoṣo lórí sáfà, mo wá ń ṣe báyìí:

`dpkg-scanpackages . > Packages`

Ìlà tí mo kọ sórí kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ rèé:

`deb [trusted=yes] http://192.168.1.10/repo ./`

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí oṣù mẹ́fà. Ní báyìí wọ́n ti di 63, ẹ sì wo orúkọ wọn:

```
idanwo_1.2_amd64.deb
idanwo_1.2_tuntun.deb
idanwo_1.2_final2.deb
fonti(1).deb
```

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn Ubuntu kọ̀ láti gba idanwo, wọ́n ní `Depends: libc6 (>= 2.36)`. Lánàá, kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ń kígbe `File has unexpected size... Mirror sync in progress?`. Sáfà kan ṣoṣo ni mo ní o, èmi ò ní mirror (sáfà àdàkọ) kankan. Ṣé kí n kàn pín fódà náà sí "debian", "ubuntu" àti "pi" ni?

Kò_Le_Tó_Bẹ́ẹ̀ | Ajé, 8:40 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni, pín in sí mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà ogójì péré! Kí ẹnikẹ́ni tó wá fi irinṣẹ́ ńláńlá dẹ́rù bà ọ́, fódà mẹ́ta àti script ìlà mẹ́wàá ti tó.

Ẹ̀gbọ́n_Tẹ́mínà | Ajé, 9:25 àárọ̀

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. Àìsàn méjì ló ń ṣe ọ́, oògùn wọn ò sì jọra.

Ti libc6 ló rọrùn. Fódà rẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ Debian tàbí Ubuntu. Ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, ohun kan náà ló ń gbé lé e lọ́wọ́. Orí Debian 12 lo ti kọ́ idanwo, glibc ibẹ̀ (òun ni libc6 yẹn, ìpìlẹ̀ tí ètò C àti C++ ń dúró lé) jẹ́ 2.36. Ti Ubuntu 22.04 jẹ́ 2.35. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé o lo ohun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní 2.36. Ṣé arc4random, tó ń mú nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ wá, wà nínú kóòdù rẹ?

Ìkejì ló burú. Ìwé àkọsílẹ̀ ọjà ni Packages jẹ́: orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà níbẹ̀, SHA256 rẹ̀ (òǹtẹ̀ tí a ṣírò láti inú fáìlì náà) náà wà níbẹ̀. Ìwọ tún idanwo 1.2 kọ́, o fi orúkọ àtijọ́ sọ ọ́, o gbé e lé orí ti àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà tó ka ìwé náà láàárọ̀ ń retí ẹrù àárọ̀. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ẹrù mìíràn ló bá nílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ kan náà. Kí lo fẹ́ kí apt, ètò tó ń gba package wọlé, ṣe? Ó ní láti kọ̀ ọ́, nítorí bí ẹni tó fẹ́ ti ayédèrú wọlé ṣe máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, kì í ṣe fódà ló ń bá ọ jà, orúkọ ni. Orúkọ package, nọ́ńbà ẹ̀dà, irú ẹ̀rọ (amd64, tàbí arm64 ti Pi): nǹkan mẹ́ta yìí la fi ń dá .deb kan mọ̀ sí èkejì. Tí wọ́n bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ, má tún fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Bó ṣe kọ́mà kan lo yí padà nínú kóòdù, yí nọ́ńbà: 1.2-1, 1.2-2, 1.2-3. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà.

Ní ti bí a ṣe ń tò ó, wo bí Debian ṣe ń ṣe é:

```
/srv/apt/
  conf/distributions
  db/
  dists/bookworm/InRelease
  dists/bookworm/main/binary-amd64/Packages.gz
  dists/bookworm/main/binary-arm64/Packages.gz
  dists/jammy/...
  pool/main/f/fonti-yoruba/fonti-yoruba_1.0-1_all.deb
  pool/main/i/idanwo/...
```

Bookworm ni orúkọ Debian 12, jammy ni ti Ubuntu 22.04. Inú pool ni .deb ń gbé. Kò sí .deb kankan nínú dists, atọ́ka nìkan ló wà níbẹ̀. Dists bookworm lè tọ́ka sí fáìlì kan nínú pool, kí dists jammy náà tọ́ka sí fáìlì yẹn gan-an. Fọ́ǹtì rẹ tó jẹ́ `all` (ti ẹ̀rọ gbogbo) kò ní láti wà ní ibi mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa wà lórí díìsìkì.

Títí di ọdún 2000, inú dists gan-an ni Debian ń kó .deb sí. Bí package bá kúrò ní ìpele kan bọ́ sí òmíràn, fáìlì náà á ṣí kúrò ní fódà kan lọ sí èkejì, àwọn sáfà tó ń ṣe àdàkọ káàkiri ayé á sì tún un gbà bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Ẹ rántí bí íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà yẹn ṣe rí! Pool ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyà yẹn. Ẹrù jókòó sójú kan, ìwé nìkan ló ń yí.

Má fi ọwọ́ to èyíkéyìí nínú rẹ̀ o. Fi reprepro, irinṣẹ́ tó ń to àká .deb, sórí sáfà, kọ conf/distributions, kó bá ọ to ìyókù:

```
Origin: YaraKomputa
Codename: bookworm
Architectures: amd64 arm64
Components: main
SignWith: yes

Origin: YaraKomputa
Codename: jammy
Architectures: amd64
Components: main
SignWith: yes
```

Ìlà òfìfo tó wà láàárín yẹn ṣe pàtàkì. Sì rí i pé dists àti pool nìkan ni nginx (ètò wẹ́ẹ̀bù orí sáfà) ń fi han ará ìta, conf àti db kì í ṣe fún ojú ọjà.

Ọmọ_Olùkọ́ | Ajé, 10:03 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń wo ẹ̀yìn mi ni? `arc4random_uniform` ni mo fi ń da ìbéèrè rú kí àwọn ọmọ tó jókòó pọ̀ má baà rí ìbéèrè kan náà.

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè kékeré kan: kí ló dé tí fódà wà tó ń jẹ́ "i" kó tó kan "idanwo"?

Ẹ̀gbọ́n_Tẹ́mínà | Ajé, 10:20 àárọ̀

Kí fódà kan má baà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ni wọ́n ń lò, àyàfi àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lib. Wọ́n ti pọ̀ jù, ìyẹn ni wọ́n fi ń pín wọn sí liba, libb, libk bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Sì kíyè sí i: orúkọ orísun ló ń jẹ́ orúkọ fódà, kì í ṣe orúkọ .deb. Tí orísun idanwo bá bí idanwo àti idanwo-data, fódà idanwo ni àwọn méjèèjì máa wà, bí ọmọ ìyá.

Akéwì_Kóòdù | Ajé, 11:47 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀. Ó ń dùn mí pé a ń pe package Yorùbá ní "idanwo" láìní àmì. Ṣé a ò lè pè é ní `ìdánwò` gan-an?

IyaSafa | Ajé, 12:15 ọ̀sán

Debian ò gbà á. Lẹ́tà kékeré a dé z, nọ́ńbà, àti àmì + - . nìkan ló lè wà nínú orúkọ package. Kódà _ kò sí níbẹ̀, torí òun ló ń ya orúkọ, ẹ̀dà àti irú ẹ̀rọ sọ́tọ̀ nínú orúkọ fáìlì. Àmọ́ inú Description, kọ gbogbo àmì ohùn tí o bá fẹ́, UTF-8 ni. Mo máa ń kọ tèmi pẹ̀lú àmì, ó sì ń jáde dáadáa nínú `apt show`.

Ọmọ Olùkọ́, fún àwọn "final2" rẹ: apt ò bìkítà fún bí o ṣe pe fáìlì, ohun tó wà nínú control (ìwé ìdánimọ̀ inú .deb) ló ń kà. Lo `dpkg-name *.deb`, á sọ wọ́n ní orúkọ tó wà nínú wọn. Bí mẹ́ta bá fẹ́ jẹ́ orúkọ kan náà, wàá mọ̀ pé o ti ń purọ́ fún ara rẹ.

Ọmọ_Olùkọ́ | Ajé, 3:30 ọ̀sán

Mà, mẹ́rin ló fẹ́ jẹ́ idanwo_1.2_amd64. Ojú tì mí.

Mo ti yọ arc4random kúrò, mo sọ ọ́ di 1.3-1. Mo kọ́ ọ lórí Debian, mo gbé e wọ bookworm, ó wọlé. Mo tún un kọ́ lórí Ubuntu, mo ní kí n gbé e wọ jammy, ni reprepro bá na ìka sí mi lójú:

`Already existing files can only be included again, if they are the same`

Kí ni mo tún ṣe?

IyaSafa | Ajé, 4:05 ìrọ̀lẹ́

O ṣe ohun tí gbogbo wa ti ṣe rí. Pool kan ṣoṣo ló wà, orúkọ méjèèjì jẹ́ idanwo_1.3-1_amd64.deb, ṣùgbọ́n inú wọn yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ láàárọ̀. Reprepro ló gbà ọ́ o, dpkg-scanpackages ì bá ti jẹ́ kí o gorí ara rẹ.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Fi ilé tí ọmọ ń lọ sínú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀:

```
idanwo_1.3-1~deb12_amd64.deb
idanwo_1.3-1~ubuntu22.04_amd64.deb
```

Àmì ~ yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lójú dpkg, ohun tó bá ní ~ kéré sí ohun tí kò ní in. Nítorí náà 1.3-1~deb12 kéré sí 1.3-1. Tí Debian fúnra wọn bá gba idanwo rẹ wọlé lọ́jọ́ kan (àṣẹ!) tí wọ́n sì pè é ní 1.3-1, tiwọn máa rọ́pò tìrẹ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ti ń yún ọ láti kọ `~bookworm` dípò `~deb12`. Má ṣe é. Ọdún kan gbáko ni mo fi jẹ ìyà rẹ̀. Debian 10 ń jẹ́ buster, 11 ń jẹ́ bullseye, 12 ń jẹ́ bookworm. Tò wọ́n bí a, b, d: bookworm ló ṣíwájú, bullseye tẹ̀ lé e, buster ló kẹ́yìn. Ẹ̀yìn ló ń rìn sí! Dán an wò:

`dpkg --compare-versions 1.3-1~bullseye1 gt 1.3-1~bookworm1 && echo bẹ́ẹ̀ni`

Á dá ọ lóhùn pé bẹ́ẹ̀ni. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí mo gbé àwọn kọ̀ǹpútà láti 11 lọ sí 12, apt rí package bookworm mi, ó ní ti àtijọ́ ni, ó di ti bullseye mú. Kò sí àṣìṣe kankan lójú ìwòye, wọ́n kàn ń lo ohun tí wọ́n kọ́ fún ilé àtijọ́. Oṣù mélòó kan kọjá kí n tó mọ̀. Nọ́ńbà kì í dà mí: deb11, deb12, deb13.

Irú rẹ̀ náà ni ti ọjọ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ń fi ọjọ́ ṣe ẹ̀dà, ó ń kọ ọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà: 28022024. Nígbà tó di March ó kọ 05032024. Ṣé ẹ rí èyí tó tóbi? Ọdún ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, 20240305.

Kò_Le_Tó_Bẹ́ẹ̀ | Ajé, 5:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣáà rí i. Tó bá jẹ́ pé ó lo fódà mẹ́ta bí mo ṣe sọ, idanwo ti Debian àti ti Ubuntu ò bá ti pàdé rárá, kò ní sí ìjà.

IyaSafa | Ajé, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ni, mi ò bá ọ jiyàn. Àká ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan dára, ọ̀pọ̀ ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé kí ohun méjì tó yàtọ̀ máa jẹ́ orúkọ kan. Lọ́jọ́ tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá pè ọ́ pé "idanwo 1.3-1 ti kú", èwo nínú wọn lo máa yẹ̀ wò?

Kò_Le_Tó_Bẹ́ẹ̀ | Ajé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Hmm. Ẹ ti mú mi níbẹ̀ yẹn.

Jagun_Fedora | Ajé, 8:02 alẹ́

Ní tiwa ní Fedora, tí .rpm dípò .deb, `createrepo_c` lórí fódà, á bí repodata/repomd.xml, ó tán. .rpm lè wà níbi tó bá wù ọ́ lábẹ́ fódà yẹn. Ilé náà sì máa ń wà nínú orúkọ fáìlì bíi .fc40 (Fedora 40), .el9 (RHEL 9). Bí ẹ ṣe ń jà fún ~deb12 yẹn, àwa ti bá a nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Tẹ́mínà | Ajé, 8:30 alẹ́

Jagun, a ti gbọ́. Ẹ lọ sùn.

Ọmọ Olùkọ́, o ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Báwo ni Ìlobùú ṣe ń rí sáfà Òṣogbo?

Ọmọ_Olùkọ́ | Ìṣẹ́gun, 7:50 àárọ̀

Mo máa ń fi rsync da gbogbo rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà kan ní Ìlobùú lálẹ́, nígbà tí dátà bá dínwó.

IyaSafa | Ìṣẹ́gun, 8:44 àárọ̀

Àṣẹ rsync kan ṣoṣo fún gbogbo fódà náà? Á jẹ́ pé inú ewu lo wà. Rsync ń tẹ̀ lé a-b-d, dists máa ń kọjá kó tó kan pool. Tí iná bá lọ láàárín, Ìlobùú á ní ìwé tuntun, kò sì ní ní ẹrù. Àwọn ọmọ á máa gba 404 títí iná á fi dé. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ọ́ kan. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, mo dé lọ́jọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ire.

Ẹrù ṣíwájú, ìwé tẹ̀ lé e, ìgbálẹ̀ ló kẹ́yìn:

```
rsync -a /srv/apt/pool/ ilobuu:/srv/apt/pool/ &&
rsync -a /srv/apt/dists/ ilobuu:/srv/apt/dists/ &&
rsync -a --delete /srv/apt/pool/ ilobuu:/srv/apt/pool/
```

`&&` yẹn ni kì í jẹ́ kí ìgbésẹ̀ kejì bẹ̀rẹ̀ tí àkọ́kọ́ ò bá parí. Ibikíbi tí iná bá ti lọ, ìwé tó wà ní Ìlobùú ṣì ní ẹrù tó ń tọ́ka sí. Kódà mo máa ń dá ìlà kẹta dúró di ọjọ́ kejì, fún ẹni tó ti ka ìwé àná ṣùgbọ́n tí kò tíì gba ẹrù.

Ọmọ_Olùkọ́ | Ìṣẹ́gun, 9:10 àárọ̀

Mà, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ̀dà tuntun bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Mo rí i pé reprepro ti pa idanwo àtijọ́ rẹ́ nígbà tí mo gbé tuntun wọlé.

Ẹ̀gbọ́n_Tẹ́mínà | Ìṣẹ́gun, 10:02 àárọ̀

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni reprepro tó wà lórí sáfà mi náà ń tọ́jú fún package kọ̀ọ̀kan nínú codename kan. Tó o bá fẹ́ máa padà sẹ́yìn, aptly ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó máa ń ya àwòrán gbogbo àká ní ọjọ́ kan (`aptly snapshot create`), ìwọ á sì fi `aptly publish switch` yí ohun tí àwọn ènìyàn ń rí padà sí àwòrán èyí tó wù ọ́. Ṣùgbọ́n fún tìrẹ, mo máa ní kí o dúró sórí reprepro, kí o tọ́jú àwọn .deb àtijọ́ sí fódà kan tí kò sí lójú ọjà. Tí 1.3-2 bá bàjẹ́, tún 1.3-1 kọ́ kí o pè é ní 1.3-3. Iwájú là ń lọ, apt kì í dédé padà sẹ́yìn.

Má gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ GPG tí o fi ń buwọ́lù lè ní ọjọ́ tó máa kú, wò ó, kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà. Tèmi kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà kan, gbogbo kọ̀ǹpútà ń pariwo `EXPKEYSIG` ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Láti ìgbà náà, mo fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo ènìyàn sínú package kan, bí Debian ṣe ní debian-archive-keyring. Bí mo bá ti sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú, mo gbé package tuntun jáde ní oṣù méjì ṣáájú, apt fúnra rẹ̀ á pín in kiri.

Ọmọ_Olùkọ́ | Ọjọ́rú, 4:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo ilé. Mo ti ṣe é! Nínú 63, mẹ́rìnlá péré ló ní ìtumọ̀, àwọn yòókù ti wọ fódà àtijọ́. Bookworm àti jammy ti dúró, àwọn Pi ń gba arm64 tiwọn, Ubuntu ti gba idanwo. Mo ti buwọ́lù ú pẹ̀lú, package sì ń wọlé dáadáa. Ìlà tuntun rèé:

`deb [trusted=yes signed-by=/etc/apt/keyrings/yara.gpg] http://192.168.1.10/apt bookworm main`

IyaSafa | Ọjọ́rú, 5:02 ìrọ̀lẹ́

O kú orí ire. Ṣùgbọ́n `trusted=yes` ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ń sọ fún apt pé kó fọkàn tán àká náà kódà bí ìbuwọ́lù rẹ̀ ò bá yege. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ìbuwọ́lù rẹ ń ṣiṣẹ́? Yọ ọ́, kí o tún `apt update` ṣe, kí o wá sọ ohun tó wí fún wa.

Ọmọ_Olùkọ́ | Ọjọ́rú, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Yéè. `NO_PUBKEY`, kò rí kọ́kọ́rọ́. Ó tún ní fáìlì kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣeé kà fún '_apt', orúkọ tí apt fi ń ṣiṣẹ́.

IyaSafa | Ọjọ́rú, 5:23 ìrọ̀lẹ́

`chmod 644 /etc/apt/keyrings/yara.gpg`. O dà á kọ láti inú fódà root, ó sì gbé ìlẹ̀kùn títì rẹ̀ wá.

Ọmọ_Olùkọ́ | Ọjọ́rú, 5:31 ìrọ̀lẹ́

Ó ti gbà, láìsí trusted. Ó ku kọ̀ǹpútà mọ́kàndínlógójì.